Ìkòkò Àyìnkẹ́ àti Àánú Òkété

Mo búra níwájú gbogbo yín, àlọ́ yìí kò ní gùn. Omi tó wà lórí iná yẹn kò ní tíì hó tí n ó fi parí.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ó dá fìrìgbagbòó, ó balẹ̀ sórí Àyìnkẹ́, ìyàwó tuntun, àti Òkété, aládùúgbò tó ń gbé lẹ́bàá ògiri ilé ọkọ rẹ̀.

Láyé ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò mọ irú. Iyọ̀ àti ata ni wọ́n ń dà sọ́bẹ̀, wọ́n á sì máa dúpẹ́. Lọ́jọ́ kan, ìyá ọkọ Àyìnkẹ́ gbé wóró igi igbá lé e lọ́wọ́.

"Ìyàwó, sè é ká wò ó. Bó bá bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, ilé bàbá rẹ ò jìnnà."

Àyìnkẹ́ sè é láti àárọ̀ dalẹ́. Ó fẹsẹ̀ tẹ èèpo rẹ̀ kúrò, ó tún un sè. Kí ó lè túbọ̀ rọ̀, ó fewé bò ó, ó fi àkísà wé ìkòkò náà bí ẹni wé ọmọ tuntun. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, òórùn sọ gbùù! Ewúrẹ́ ilé fẹ̀yìn rìn jáde.

"Ìyàwó, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá."

Òkété yọrí, ó di imú. "Ó ti jẹrà nìyẹn! Ẹ ṣe mí láàánú. Ẹ gbé e wá, n ó bá yín dà á sí ààtàn. Mi ò ní gba nǹkan kan." Ló bá forin sẹ́nu:

Ìkòkò Àyìnkẹ́ ti bàjẹ́ o,
Kín-ìn-kín!
Ẹ gbé e fún mi, n dà á nù,
Kín-ìn-kín!

Ìyá ti ń gbé ìkòkò lọ bá a. Àyìnkẹ́ ti ń fọkàn di ẹrù rẹ̀. Àfi bó ṣe wo ẹnu Òkété: itọ́ ń kán, tó, tó, tó.

"Bàbá Òkété, kí ló dé tí ẹ ń da itọ́ nítorí ohun tó jẹrà?"

"Omi àánú ni."

"Nílé tiwa, ojú ni omi àánú ń gbà jáde."

Ó gba ìkòkò lọ́wọ́ Ìyá, ó bu díẹ̀ sọ́bẹ̀. Ìyá tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò. Ó lá ìpọnbẹ̀, ó lá ìka, ó yẹ ìdí ìkòkò ọbẹ̀ wò.

"Ìyàwó," ó ní, "ilé bàbá rẹ jìnnà púpọ̀."

Òkété wọ ihò lọ wérewére. Títí dòní, kì í fẹ́ káyé rí òun lọ́sàn-án.

Ibẹ̀ ni mo gbé àlọ́ mi kalẹ̀ sí. Ó kọ́ wa pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ń rùn ló ti bàjẹ́, ká sì wo ẹnu ẹni tó ń yára bá wa da nǹkan wa nù.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé Àyìnkẹ́ ló kọ́kọ́ ṣe irú. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti sọ fún gbogbo ìlú pé òun ni.