Ètò Tó Gùn Jù

Láníhùn ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ń ké sí nọ́ọ̀sì bí èémí ọmọ tuntun bá dá. Ó fẹ́ kó túbọ̀ yá, ló bá kọ ìlànà ọ̀tọ̀ fún gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò, ó pẹ́ kó tó ké.

“Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́,” ni Fadérera, ọ̀gá rẹ̀, wí. “Àyè kékeré ló wà fún ìlànà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ìlànà tí ibẹ̀ kò bá gbà, ọ̀nà jíjìn ló ti ń lọ mú un wá. Gé e kúrú.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni Láníhùn fi gé e. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, èémí ọmọ kan dá ní ilé ìwòsàn, ètò náà sì ké lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ìyá rẹ̀ tó pariwo, nọ́ọ̀sì ti gbé e, ọmọ sì ti ń sunkún.