Àárọ̀ Méje Tí Ẹtù Fi Jókòó

Nígbà láéláé, nígbà tí ara ẹtù, ẹyẹ tí àwọn kan ń pè ní awó, ṣì dúdú láìní àmì kankan bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀, àwọn ẹyẹ ní àṣà kan. Ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, nítorí orí àṣà yìí ni gbogbo ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń bọ̀, wọn a ya àwòrán ẹyẹ kan sórí pákó ńlá, wọn a sì gbé e kọ́ sára igi àràbà tí ó wà létí odò. Ìdílé ẹyẹ tí ó wà nínú àwòrán náà ni yóò máa kọ́kọ́ mu omi ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Àwọn yòókù á wá tẹ̀ lé wọn. Ẹni tí ó bá kẹ́yìn, ẹrẹ̀ ni yóò bá.

Òfin kan péré ni àṣà náà ní. Ẹyẹ tí ó bá fẹ́ wà nínú àwòrán gbọ́dọ̀ wá jókòó fúnra rẹ̀ níwájú ayàwòrán fún àárọ̀ méje, kò sì gbọdọ̀ mira. Bí ó bá mira, ó ti pàdánù nìyẹn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ayàwòrán. Kì í ṣe ẹyẹ, nítorí náà àwọn ẹyẹ gbà pé kò ní ṣe ojúsàájú. Ìrù rẹ̀ ni ó fi ń kun ọ̀dà. Á lọ ẹfun fún funfun, á lọ osùn fún pupa, á lọ èédú fún dúdú, á wá fi òróró pò wọ́n nínú igbá.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ òróró? Ọ̀dà tí a fi omi pò máa ń tètè gbẹ, ṣùgbọ́n òjò kan ṣoṣo ti tó láti fọ̀ ọ́ kúrò. Èyí tí a fi òróró pò kì í ṣí. Ó tún máa ń dán, tí yóò fi dà bí ẹni pé ohun tí a yà ń mí. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó máa ń pẹ́ kí ó tó gbẹ. Bí a bá kun ìpele kan, a gbọ́dọ̀ dúró kí ó gbẹ kí a tó kun òmíràn lé e. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà fi ń gba àárọ̀ méje.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Ẹtù wá sí ọ̀dọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́. Nígbà náà, kò sí ẹyẹ tí ó ń ṣe jẹ́jẹ́ tó Ẹtù. Ọmọ mẹ́wàá ni ó bí. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, ìdílé rẹ̀ ni ó kẹ́yìn lódò. Ẹrẹ̀ ni wọ́n mu, méjì nínú àwọn ọmọ náà sì kú.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n," ni Ẹtù wí. "Mo wá jókòó."

Ọ̀kẹ́rẹ́ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ dúdú yìí? Àwọ̀ wo ni n ó lò lára rẹ? Gbogbo èédú ilé mi ni yóò tán!"

Ẹ̀gà, ẹyẹ aláriwo tí ó ń wò wọ́n láti orí igi, bú sẹ́rìn-ín.

"Kí èédú tán, ẹ̀gbọ́n," ni Ẹtù dáhùn. "Èédú kún inú igbó. Àwọn ọmọ mi ni kò gbọdọ̀ tán."

Ọ̀kẹ́rẹ́ nawọ́ sí òkúta kan tí oòrùn àárọ̀ ń tàn sí. Ẹtù gorí rẹ̀, ó sì jókòó.

Ní àárọ̀ kejì, eṣinṣin kan bà sí ẹnu rẹ̀, ó ń rìn lọ rìn bọ̀. Ẹtù kò mira. Ní àárọ̀ kẹrin, àwọn ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń pè é pé, "Ìyá, ebi ń pa wá." Kò yí ọrùn padà. Ní àárọ̀ karùn-ún, ìjàlọ bo òkúta náà, wọ́n sì ń bù ú jẹ lẹ́sẹ̀. Omi dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹ́ kan kò mì lára rẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó fi ewé gbá ìjàlọ náà kúrò. "Àbúrò mi," ni ó wí, "ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ya àwòrán. N kò rí irú rẹ rí."

Ní àárọ̀ keje, ó ní kí Ẹtù wá wò ó. Ẹtù dúró níwájú pákó náà, ó sì na ọrùn sún mọ́ ọn.

"Èmi rèé?"

"Ìwọ gan-an ni. Lọ sinmi. Bí ó bá ti gbẹ, a ó gbé e kọ́."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni Ọ̀kín, ọba àwọn ẹyẹ, dé. Ọ̀kín ti gbìyànjú láti jókòó rí. Kò lò tó ìdajì àárọ̀ kan. Gbogbo ẹni tí ó bá kọjá tí ó bá kí i ni ó ń dìde na ìrù fún. Ó wo àwòrán náà, ó sì fa ojú ro.

"Ta nìyí?"

"Ẹtù ni, Kábíyèsí."

"Ẹtù kẹ̀? Àwọn àlejò mi ń bọ̀ lọ́la láti igbó òdìkejì, kí wọ́n wá bá ojú Ẹtù lára àràbà? Kun orí mi lé e."

"Kábíyèsí, ẹ kò jókòó. Ìjàlọ jẹ Ẹtù lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ kò mira."

"Ẹtù ti bá mi jókòó. Ara ni gbogbo ara ń jẹ́. Orí nìkan ni kí o pààrọ̀."

"Ọ̀dà òkè yìí kò tí ì gbẹ, Kábíyèsí. Bí a bá kun nǹkan lé e báyìí…"

"Ṣé èmi ni mo ní kí o lo òróró ni? Àbí o kò fẹ́ máa ká èso nínú igbó mi mọ́?"

Ẹ̀rù ba Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ki ìrù bọ inú igbá, ó sì kun orí Ọ̀kín, tòun ti adé ìyẹ́ rẹ̀, bo ojú Ẹtù mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ohun tí ó dára nìyẹn? Kò dára. Mo ti sọ ìtàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà, inú sì máa ń bí mi bí mo bá dé ibí yìí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ẹyẹ pé jọ sí etí odò. Igún, àgbà tí ó ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń mu omi, ṣí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi bo pákó náà. Orí Ọ̀kín ni wọ́n rí.

"Háà! Kábíyèsí!" ni Ẹ̀gà ké, bí ẹni pé kò rí Ẹtù níbi òkúta rí. "Ẹ mà ní sùúrù o! Odidi àárọ̀ méje!"

Ọ̀kín mi orí díẹ̀díẹ̀. "Kò rọrùn," ni ó wí. "Àwọn ìjàlọ yẹn pàápàá, ẹ jẹ́ á fi sílẹ̀."

Ẹtù tí kò pariwo rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó pariwo.

"Ìjàlọ? Ẹsẹ̀ ta ni ìjàlọ jẹ? Ẹ wo ojú egbò lẹ́sẹ̀ mi! Èmi ni! Èmi ni mo jókòó!"

"Ẹtù, rọra," ni Igún wí. "Àwòrán rèé níwájú gbogbo wa. Ojú ta ni ó wà níbẹ̀?"

"Ojú Ọ̀kín ni, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara rẹ̀. Ta ló ní àyà dúdú yìí? Ìrù gígùn Ọ̀kín dà?"

Gbogbo ẹyẹ wo pákó náà. Lóòótọ́, kò sí ìrù.

"Mo jókòó lé e ni," ni Ọ̀kín dáhùn.

Àwọn ẹyẹ rẹ́rìn-ín. Igún ní kí ìdílé Ọ̀kín máa bọ̀ lódò. Ẹtù dí wọn lọ́nà, kò kúrò lójú kan. Ó dúró níwájú pákó náà, ó ń pariwo, "Èmi ni! Èmi ni!" títí oòrùn fi mú ganrínganrín.

Bí oòrùn ṣe ń gbóná ni òróró ń yọ́. Ìpele tí ó wà nísàlẹ̀ ti gbẹ dáadáa, ṣùgbọ́n orí Ọ̀kín tí a kùn lé ọ̀dà tútù kò rí ibi dì mú. Adé ìyẹ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ yọ̀ wálẹ̀, ó bọ́ sí ojú. Ojú yọ̀ bọ́ sí àgbọ̀n. Kò pẹ́ tí gbogbo orí náà fi ṣàn dé àyà, ojú Ẹtù sì yọ síta lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo gbogbo wọn.

Igún yíjú sí Ọ̀kẹ́rẹ́.

"Mo sọ fún Kábíyèsí pé kò tí ì gbẹ," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí.

Ìbínú Ọ̀kín ru. Igbá ọ̀dà funfun kan wà nílẹ̀ tí Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé wá láti fi tún etí pákó ṣe. Ọ̀kín ta á nípàá. Ọ̀dà náà fò sókè, ó sì ta sí Ẹtù lára wínníwínní, láti ẹ̀yìn ọrùn títí dé ìdí. Ọ̀kín tún ta pákó náà nípàá, ó já sínú odò, odò sì gbé e lọ.

"Ó tán," ni Ọ̀kín wí. "Kò sí àwòrán. Èmi ọba ni n ó mu omi ṣáájú."

Igún họ orí rẹ̀. "Ẹtù," ni ó wí pẹ̀lú ìtìjú, "lóòótọ́ ni pé kò sí àwòrán mọ́."

"Bàbá," ni Ẹtù wí, "kí ni àwòrán? Ṣé kì í ṣe ọ̀dà olóròóró tí a kùn nítorí ẹni tí ó jókòó? Ọ̀dà rèé. Ẹni tí ó jókòó rèé. Ẹ wá fọ̀ ọ́ bí ó bá ṣeé fọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá láyà wá kun orí ẹlòmíràn lé mi lára."

Igún sún kúrò lójú ọ̀nà odò, ó sì tẹrí ba.

Ẹtù pe àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Omi tí ó mọ́ lóló ni wọ́n mu. Ọ̀kín dúró sẹ́yìn wọn, ó ń fi ẹsẹ̀ walẹ̀, títí èyí tí ó kéré jù fi yó, tí ó sì tún padà lọ mu díẹ̀ sí i.

Ọ̀kẹ́rẹ́ mú ewé tútù, ó rìn wá. "Àbúrò mi, jẹ́ kí n nù ún kúrò kí ó tó gbẹ."

"Má fọwọ́ kàn mí," ni Ẹtù wí.

Láti ọjọ́ náà ni ara ẹtù ti kún fún àmì funfun wínníwínní. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ẹ kò ní rí àmì náà lára wọn. Bí wọ́n bá ti ń dàgbà ni yóò máa yọ, òjò kan kò sì lè fọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà náà ni ẹtù kò ti gbà kí ẹnikẹ́ni dúró tẹjú mọ́ òun mọ́. Bí ẹ bá yọ́ sún mọ́ ọn láti wò ó, á sá wọ igbó, á sì máa pariwo títí gbogbo àdúgbò yóò fi gbọ́. Ẹ má ṣe bú u pé aláriwo ni. Ó dákẹ́ rí, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí wọ́n fi ṣe é.