Àwọn Àgbà Méjì àti Kẹ́ẹ̀gì Òfìfo

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí mo gbà kọjá nígbà ọyẹ́. Télọ̀ ni, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti lo ayé rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ọwọ́ náà kò sì mọ̀.

Ó lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, oògùn nìkan kò tó. Ẹ máa rìn láràárọ̀. Ìkìlọ̀ ni ọwọ́ yẹn ń ṣe. Ìkejì rẹ̀ lè má jẹ́ kí ẹ dìde mọ́."

Télọ̀ jáde lọ́jọ́ kejì láti rìn. Aládùúgbò rẹ̀ kan dúró sí ìdí igi mángòrò. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Télọ̀. Ibo lẹ dorí kọ?"

O mọ àwọn ìlú wa. Àgbà kì í kàn rìn kiri lásán. Bó bá ní kò síbi tóun ń lọ, wọn á ní orí rẹ̀ ti dàrú. Bó bá ní àìsàn ni, ìròyìn á ṣáájú rẹ̀ délé. Ó ní, "Mo gbàgbé nǹkan sílé," ó bá padà. Ọjọ́ mẹ́jọ ni kò fi jáde mọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Bí wọ́n bá bi í, á ní omi lòun fẹ́ pọn. Kò sẹ́ni tó bi í. Kùrukùru bo gbogbo ọ̀nà. Ilé ń yọ, ilé ń pòórá, àfi bíi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíì ló ń gbé e lọ. Létí odò, ó rí òjìji kan tó gbé kẹ́ẹ̀gì bíi tirẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ ni.

Wọ́n wo odò. Ó ti gbẹ láti oṣù tó kọjá.

"Ẹ rómi pọn?" ni télọ̀ wí.

"Omi wo? Ẹ̀yin àgbà òpùrọ́ yìí!" Ẹ̀rín pa aládùúgbò. "Ẹ̀jẹ̀ tèmi náà ń ru. N kì í lè kọjá ìdí mángòrò yẹn nítorí ìtìjú. Mo yára bi yín lọ́jọ́sí kí ẹ má baà bi mí ni."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jọ jáde lọ́wọ́ òfo. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní, "Ẹ̀yin bàbá, ibo nìyẹn?"

Télọ̀ ní, "Àmọ́dún là ń lọ." Wọn ò dúró.

Ìwọ tí nọ́ọ̀sì ti bá sọ̀rọ̀, tí ò ń yọjú lójú fèrèsé wo ẹni tó wà níta: lo oògùn rẹ, kí o sì wọ bàtà. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń tì ọ́, ó lè jẹ́ pé ojú tìrẹ náà ló ń ti òun. Lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ jọ rìn.