Iná Òrùlé Ọkọ̀ Ìyá Òròmọdìẹ

Mopélọ́lá kì í rìn níbi tó bá ti lè sáré. Bí nǹkan bá ti wù ú, yóò ti dìde lọ sídìí rẹ̀ kí ẹni tó ń sọ ọ́ fún un tó sọ ọ́ tán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkó òròmọdìẹ láti Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin, lọ fún àwọn ọlọ́sìn adìẹ ní Ìkirè àti Gbọ̀ngán. Ìyá Òròmọdìẹ ni gbogbo gáréèjì Ìkirè ń pè é, ó sì fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ tí àwọn páálí òròmọdìẹ máa ń wà kò ní fèrèsé, àfi ihò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́. Gílóòbù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ kò mọ́lẹ̀ ju tanátaná lọ. Ní ọjọ́ kan, páálí mélòó kan dojú dé nínú òkùnkùn náà, kò sì rí wọn. Àwọn òròmọdìẹ gun ara wọn lórí, ọ̀pọ̀ sì ti kú kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ Bàbá Látúndé ní Gbọ̀ngán. Bàbá yìí ni àgbà àwọn ọlọ́sìn adìẹ agbègbè náà. Ibi tó bá kọjú sí ni àwọn yòókù ń kọjú sí.

"Mopé, ọmọ mi," ni bàbá wí bó ti ń ṣa àwọn òkú náà síta, "n kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n bí òkú bá tún wà nínú ẹrù tó ń bọ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa bá mi kó o."

Ẹ̀rù ba Mopélọ́lá gidigidi. Ó mọ̀ pé bí bàbá bá fi òun sílẹ̀, àwọn tó kù yóò tẹ̀ lé e, iṣẹ́ òun sì ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò tíì wakọ̀ dé ilé tí èrò kan fi sọ sí i lọ́kàn, tí inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Iná ni ọkọ̀ òun nílò, iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí yóò tún lọ kó ẹrù, ó gbé ọkọ̀ lọ bá Rájí rìwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní gáréèjì. Rájí lẹ àwọn iná funfun gbọọrọ mọ́ òrùlé ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó fa wáyà láti orí bátìrì gba ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ òrùlé títí dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó lu ihò sára irin tó wà níbẹ̀, ó fa wáyà gbà á, ó sì fi ohun tí wọ́n fi ń tan iná sí i. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kedere.

Mopélọ́lá wọnú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ kan òrùlé. "Ẹ wá wò ó o," ló ń pe àwọn awakọ̀. "Abẹ́rẹ́ lè bọ́ níbí kí n rí i he."

"Ìyá Òròmọdìẹ," ni awakọ̀ kan dáhùn, "ṣé ẹ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó nínú ọkọ̀ ni?"

Rájí nìkan ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín. "Ẹ rọra ná. Kò tíì parí. Tààrà ni wáyà yìí ti orí bátìrì wá, kò tíì ní fíúsì. Ihò tí mo lu yẹn mú, ó ń fẹ́ rọ́bà tí kò ní jẹ́ kó gé wáyà. Ẹ jẹ́ kí n lọ ra méjèèjì wá."

"Rájí, ẹyin ti pa. Ṣé kí n sọ fún àwọn òròmọdìẹ pé kí wọ́n padà sínú ẹyin ni?"

"Bí nǹkan bá ṣe wáyà yẹn, ó yẹ kí fíúsì wà tí yóò kú dípò ọkọ̀."

"Bí mo bá ti dúró, n óò pa iná. Iná tí mo ti pa, kí ló tún lè ṣe?"

"Èyí tí ẹ máa pa yẹn kọ́ ni mò ń sọ," ni Rájí bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti ń lọ, Mopélọ́lá sì ti ń juwọ́ sí i.

Kò tíì sí ìrìn àjò tó dùn mọ́ ọn bí ti ọjọ́ náà. Ní Ìbàdàn, ó to àwọn páálí lábẹ́ iná, ó fi okùn so wọ́n, ó ń wo ojú òròmọdìẹ bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Lójú ọ̀nà, ó dúró wò wọ́n, ó tún dúró wò wọ́n. Kòtò pọ̀ lọ́nà, ọkọ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n páálí kankan kò yẹ̀.

Nígbà tó dé Gbọ̀ngán, Bàbá Látúndé kò tíì ti oko dé. Mopélọ́lá gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn díẹ̀ fún afẹ́fẹ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa iná. Ó ti jí láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó fẹ̀yìn ti ìjókòó rẹ̀, oorun sì gbé e lọ.

Igbe àwọn òròmọdìẹ ló jí i. Igbe náà ti yí padà, gbogbo wọn ló ń ké papọ̀. Òórùn rọ́bà tó ń jó gba imú rẹ̀, èéfín sì ń yọ lẹ́yìn orí rẹ̀. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó sáré lọ sẹ́yìn, ó sì tẹ ohun tí wọ́n fi ń pa iná. Iná tàn. Ó tún un tẹ̀, iná kú, ṣùgbọ́n èéfín ń pọ̀ sí i. Wáyà ti pọ́n lórí òrùlé, rọ́bà rẹ̀ sì ń kán sórí páálí.

"Mo ti pa ọ́," ni Mopélọ́lá ń sọ fún òrùlé. "Mo ṣáà ti pa ọ́." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í já okùn, ó ń fa páálí sílẹ̀.

Bí Bàbá Látúndé ṣe dé lórí ọ̀kadà rẹ̀ nìyẹn. Kò béèrè nǹkan kan. Ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó fi fìlà rẹ̀ wé ọwọ́, ó sì fa orí wáyà kúrò lára bátìrì. Èéfín náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn méjèèjì kó gbogbo páálí sábẹ́ igi, bàbá ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ṣí èyí tó gbẹ̀yìn, òkú kan kò sí nínú gbogbo wọn, Mopélọ́lá sì bú sẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá, mo pa iná kí n tó sùn," ló wí. "Mo búra."

Bàbá tọ́ka sí ihò etí mímú náà, níbi tí irin ti gé ara wáyà bí ọkọ̀ ti ń gbọ̀n. "Ìmọ́lẹ̀ lo pa, ọmọ mi. Iná ṣì wà láàyè láti orí bátìrì títí dé ibi tí o ń tẹ̀. Orí òrùlé ló wà, ìwọ sì ń sùn lábẹ́ rẹ̀."

Mopélọ́lá wolẹ̀. "Ṣé ẹlòmíràn ni yóò wá máa kó ẹrù yín, Bàbá?"

Bàbá wo fìlà rẹ̀ tó ti jóná, ó sì dé e bẹ́ẹ̀. "Òkú ni mo ní n kò fẹ́, n kò sì rí òkú. Jẹ́ kí rìwáyà rẹ parí iṣẹ́ rẹ̀ kí o tó tún wá."

Rájí fa wáyà tuntun, ó fi rọ́bà sétí ihò, ó fi fíúsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì, Mopélọ́lá sì jókòó tì í láìkánjú títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ni Mopélọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo gáréèjì tọwọ́tẹsẹ̀. Ìlú mìíràn lè ní ìtàn tiwọn nípa ibi tí òwe tó ń bọ̀ yìí ti wá. Kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Ní Ìkirè, bí ẹnìkan bá fi ewu sílẹ̀ láìyanjú, tó sì fẹ̀yìn lélẹ̀ pé kò séwu, ọkọ̀ Ìyá Òròmọdìẹ ni àwọn àgbà ń rántí tí wọ́n fi ń pa á lówe fún un pé, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.