Òjá Alántakùn àti Òfin Ẹ̀gà

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Háà, ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ jẹ́ kó ròkè! Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ẹ̀gà, olórí ẹgbẹ́ ahunṣọ, àti Alántakùn, opó ọlọ́mọ mẹ́fà.

Ní ìlú àwọn ẹranko, ẹni tí a kò bí sílé Ẹ̀gà kò gbọdọ̀ hunṣọ. Èèwọ̀ wọn tún ni pé ẹni tó bá ra aṣọ kò gbọdọ̀ tú u wò, àfi tó bá délé. Ẹ ò rí ọgbọ́n burúkú! Aṣọ Ẹ̀gà gbówó lórí, òwú inú rẹ̀ sì ń dín kù.

Alántakùn hun òjá kan, ó gbé e lọ sọ́jà. Ẹ̀gà já a gbà fìà!

"Ta ló ní kó o hunṣọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ebi ń pa àwọn ọmọ mi. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyí."

"Kí wọ́n jẹ erùpẹ̀!"

Ó dun Alántakùn wọra. Ó sunkún lọ sí ààfin Ọba Erin, ó ń kọrin. "Wínníwínní" ni tiyín o:

Ẹ̀gà ní n má hun mọ́ o,
Wínníwínní.
Ebi ń pa ọmọ mi o,
Wínníwínní.
Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n hun o,
Wínníwínní.
Ẹ tú u, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò,
Wínníwínní.

Ọba ránṣẹ́ pe Ẹ̀gà pé kó mú òjá tó gbà àti ọ̀kan tirẹ̀ wá. Ẹ̀gà ní, "Kábíyèsí, tí gbogbo ayé bá ń hunṣọ, jákujàku ni yóò kún ọjà. Àwa là ń dáàbò bo ìlú."

Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ jọ òótọ́. Àwọn ìjòyè ń mi orí.

Alántakùn ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà á tú méjèèjì wò. Bí tèmi ò bá dáa, mi ò ní hun mọ́ láé."

"Èèwọ̀! A kì í tú aṣọ wa níta!"

Ọba ní, "Ẹ tú u."

Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́, tó ń wá òjá rà, fi ti Alántakùn pọn ọmọ. Ó fò, ó bẹ́, ọmọ ò mì. Ó tú ti Ẹ̀gà: àárín rẹ̀ dáhò bí ajere! Kò tíì so ó tán tó fi ya fàààà.

Ọba ní, "Ẹ̀gà, ìwọ ẹyẹ, ṣé ojú ọ̀run ò tẹ́ ẹyẹ fò láì fara kanra ni? Láti òní lọ, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n hun, kó hun. Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó tú u wò."

Ọjọ́ náà làwọn ọmọ Alántakùn yó. Títí dòní, kò sí igun ilé tí Alántakùn kì í hun nǹkan sí. Ẹ̀gà náà ò kú o! Gbangba orí ọ̀pẹ ló ti ń hun tirẹ̀ báyìí, iṣẹ́ ọ̀hún sì dáa, ló ṣe ń pariwo, "Ẹ wá wò ó! Ẹ wá wò ó!"

Ibí ni mo ká àlọ́ mi sí o. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ahọ́n mi so kókó. Ó kọ́ wa pé ká má dí ọ̀nà iṣẹ́ mọ́ ọmọnìkejì wa. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dára kì í bẹ̀rù kí wọ́n tú u wò.