Ìjàpá Gbin Wèrèpè Síwájú Ilé Akàn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dárúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Ìyá ìyá mi kì í fo ẹnì kankan, èmi náà kò ní fo ẹnì kankan. Òkété wà níbẹ̀, ọ̀gá awalẹ̀. Ẹtu wà níbẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Lékeléke wà níbẹ̀, aláṣọ funfun tí ń wo ilé ayé láti òkè. Yánníbo, aya Ìjàpá, wà níbẹ̀. Akàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́. Òkun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń hó yee. Ta ló kù?

Ìjàpá!

Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ bàjẹ́, ṣé a lè wá Ìjàpá tì?

Láyé ìgbà náà, ewéko kan tí ń jẹ́ gbọ̀rọ̀ ayaba ló bo gbogbo etí òkun. Ó ń fà nílẹ̀, ó ń ta gbòǹgbò ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, ó sì di yanrìn mú pinpin. Ṣùgbọ́n koríko èkan dé. Wèrèpè onírun yíyún dé. Wọ́n fún gbọ̀rọ̀ lọ́rùn pa. Yanrìn bá ń ṣí lọ, òkun bá ń jẹ ilẹ̀. Lónìí ó jẹ díẹ̀, lọ́la ó jẹ púpọ̀. Ilé Akàn ló sún mọ́ omi jù lọ. Èèpo ẹ̀yìn àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì tíì le. Ìgbì kan ṣoṣo tó láti gbá gbogbo wọn lọ.

Akàn bá figbe ta: "Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí! Ìgbà ìjì ń bọ̀! N kò lè san nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo lè se ọbẹ̀ ẹja. Mo bẹ̀ yín lọ́wẹ̀!"

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀wẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ olówó ọ̀yà. Ẹnu la fi ń bẹ̀ ẹ́, ìfẹ́ la fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà nílùú wọn. Ẹni tí ìpín ilẹ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ tutù yọ̀yọ̀ ni yóò kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ ìkòkò. Orí ìpín náà gan-an ni wọn yóò sì tẹ́ ẹní sí fún un, kí gbogbo ayé lè rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ìjàpá gbọ́ ìkòkò. Kò gbọ́ ìyókù.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀! Òkété ń wa gbòǹgbò èkan, Ẹtu ń fà á yọ. Wọ́n kó èpò jọ gègèrè kí oòrùn lè gbẹ ẹ́, kí wọ́n sì sun ún. Lékeléke ń gé gbọ̀rọ̀ wá láti èbúté òdìkejì. Wọ́n ń tẹ oríkèé rẹ̀ mọ́ yanrìn, wọ́n ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é, ẹ má sùn!

Yanrìn, má lọ o,
*Jókòó jẹ́ẹ́.*
Òkun ń pè ọ́ o,
*Jókòó jẹ́ẹ́.*
Gbọ̀rọ̀ dì ọ́ mú,
*Jókòó jẹ́ẹ́.*
Ọmọ Akàn ń sùn,
*Jókòó jẹ́ẹ́.*

Ìpín Ìjàpá ló wà níwájú ilé Akàn gan-an. Ó gbin gbọ̀rọ̀ díẹ̀, ó jókòó, ó ń wò ó.

"Hùn! Ìgbà wo lèyí máa tó dàgbà? Yánníbo, wo wèrèpè lórí òkìtì yẹn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á tu, ó ti tún ń rúwé!"

"Baálé mi, ohun tí wọ́n fà dànù nìyẹn."

"Ṣé kì í ṣe ewé ni?"

"Ewé ni. Àwọn ọmọ Akàn ńkọ́?"

"Èmi kọ́ ni mo bí wọn. Ọbẹ̀ Akàn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà."

Ó fa gbọ̀rọ̀ tu, ó gbin wèrèpè. Òjò rọ̀. Háà! Wèrèpè gùn, ó nà, ó bo ilẹ̀ bámúbámú. Ti àwọn yòókù ṣì wà ní ewé kan níhìn-ín, ewé kan lọ́hùn-ún.

Ìjàpá ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. "Òkété, ṣé irùngbọ̀n rẹ lo gbìn ni? Ó mà fọ́nká o!"

"Bàbá, ìsàlẹ̀ ni tèmi ń lọ ná," ni Òkété dáhùn.

Lékeléke fò kọjá láti wò ó. Láti òkè, gbogbo ewé ló jọra. Ó ké pé, "Ìjàpá ló borí!"

Wọ́n gbé ìkòkò dé, ọbẹ̀ ń ta sánsán. Wọ́n gbé ẹní dé. Wọ́n tẹ́ ẹ sáàárín wèrèpè, tó ti so èso onírun lábẹ́ ewé báyìí.

Ìjàpá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ò lè jẹun lábẹ́ àgbọn? Ibẹ̀ tutù."

"Ó tì o! Àṣà ni. Olóore, ẹ jókòó!"

Ó jókòó. Ó ki ọwọ́ bọ ìkòkò. Atẹ́gùn òkun fẹ́, fùúù! Irun wèrèpè gbọ̀n sí i lọ́rùn, ó gbọ̀n sí i lábíyá. Ẹ gbè é!

Ọrùn ń yún mi o,
*Họra, họra!*
Ẹ̀yìn ń yún mi o,
*Họra, họra!*
Ọwọ́ mi ò tó o o,
*Họra, họra!*
Ọbẹ̀ wà ńlẹ̀ o,
*Họra, họra!*

"Wèrèpè!" ni Ẹtu kígbe. "Wèrèpè ló gbìn!"

Kí ẹnu rẹ̀ tó pa dé, ìgbì dìde. Ó ga bí òrùlé! Ó gba orí ìpín Ìjàpá wọlé, ó sì ká wèrèpè kúrò nílẹ̀ bí ìgbà tí a ká ẹní: ó gbé ìkòkò, ó gbé Ìjàpá, ó ń bọ̀ nílé Akàn. Iwájú di omi. Akàn kò gbójú kúrò lára òkun, ó ń pariwo: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀gbẹ́! Ẹ gba ẹ̀gbẹ́!"

Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ sáré, wéré wéré wéré, wọ́n bọ́ sórí ìpín Òkété tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n fi èékánná di gbọ̀rọ̀ mú. Ìgbì kọlù ú, gbàmù! Yanrìn kò mì. Ìgbì padà sẹ́yìn. Akàn ka ojú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ọ̀kan sọnù?

Rárá!

Ọ̀kan ò sọnù! Láti ọjọ́ náà ni akàn ti ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára òkun. Òkun pọ Ìjàpá sórí ilẹ̀. Ó ti họ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi di ìpẹ́, bí ẹ ṣe ń rí i títí dòní. Wọ́n kó gbọ̀rọ̀ tuntun lé e lọ́wọ́, ó sì tún ìpín rẹ̀ gbìn: ó ń họra, ó ń gbìn, ó ń gbìn, ó ń họra.

Ibi tí àlọ́ mi sọ̀ sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí eyín tó kù lẹ́nu mi má lè fọ́ ẹ̀pà mọ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fọ́ ọ: kó, kó, kó!

Túnráyọ̀ ọmọ mi, ọ̀la ni ẹgbẹ́ yín ń lọ tu èpò létí òkun. Dìde, lọ sùn, má jẹ́ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn pè ọ́.