Ọkùnrin Tó Gba Kútọnu Lọ Sọ́dọ̀ Ìyàwó Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn tó ń ta táyà. Kò sí ohun tí wọ́n dá iye lé tí kò ní ní kí wọ́n dín in kù. Bó bá lọ sí ilé oògùn, ó ń ná oògùn. Bí wọ́n bá gbé igbá ọrẹ dé iwájú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, á máa wò ó bí ẹni tó fẹ́ béèrè ṣẹ́ńjì. Síbẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó sì fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ dénú. Mo ní kí n tètè sọ ìyẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣẹ̀sín.

Ìyàwó yìí wà ní ìlú òyìnbó, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ra fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí ọmọ. Ó wálé lọ́dún Kérésì kan, ó sì gbé oyún padà. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin yìí kò ti jẹ́ ti ara rẹ̀ mọ́. Kò jẹ́ kí wọ́n fọ ìborùn tí obìnrin náà gbàgbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sí táyà kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò tíì jókòó lé lórí láti fi bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àwọn oníbàárà á dúró títí, wọ́n á sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni obìnrin náà bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ẹ rí i pé ẹ wà níbí lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ bí i. Bí mo bá ké ‘yéè, ìyá mi’ láàárín àwọn òyìnbó yìí, ta ni yóò mọ ohun tí mo wí?”

Ọkùnrin náà ní òun yóò wà níbẹ̀. Ó sì ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀.

Ìwé àṣẹ ìrìnnà rẹ̀ dé lásìkò tí ikùn ti wọ oṣù ìbí. Ó lọ béèrè owó bàálù láti Èkó, ó sì padà sílé bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà lára àwọn ènìyàn wa tí wọn kò wọ bàálù rí ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ iye tí gbogbo bàálù ń gbà. Ọ̀rẹ́ yìí wí fún un pé, “Ìwọ náà! Kútọnu ni kó o gbà. Wa mọ́tò rẹ kọjá bọ́dà, kó o wọ bàálù níbẹ̀. Ìdajì owó ni. Àwọn tó lọ́pọlọ ò gba Èkó mọ́.”

Nígbà tí ìyàwó gbọ́, kò dùn mọ́ ọn.

“Ẹ gba Èkó wá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ó ti dé ọ̀dọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú.”

“Bí mo bá gba Kútọnu, màá dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kí ni ọjọ́ méjì? Owó tó bá ṣẹ́kù la ó fi ra kẹ̀kẹ́ tí a ó máa fi ti ọmọ.”

“Ṣé kẹ̀kẹ́ ni yóò wá dì mí lọ́wọ́ mú?”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ló kọ́kọ́ dákẹ́.

Ó wá ku ibi tí mọ́tò yóò wà. Bí a bá gbé mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ pápá bàálù, a ó sanwó rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọkùnrin yìí wá rántí pé òun ní ẹbí. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ń gbé ní Àjàṣẹ́, lẹ́yìn bọ́dà, ní ọ̀nà Kútọnu gan-an. Ìgbà ìsìnkú bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti fojú kanra kẹ́yìn. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń bọ̀ ní Ìbàdàn tí ìyá àgbà yìí kì í rán sí i pé, “Ẹ bá mi kí ọmọ àbúrò mi. Ẹ sọ fún un pé ojú rẹ̀ ń ro mí.” Òun náà a sì máa dáhùn pé iṣẹ́ ni kò jẹ́. Ní ọjọ́ tí mọ́tò nílò ibi ìsinmi, iṣẹ́ jẹ́.

Ó pe ìyá àgbà lórí fóònù. Ó ní, “Màmá, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.” Ó parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ìwọ náà mọ ìdí rẹ̀. Àwa la sọ ọ́ dàṣà pé a kì í sọ ìrìnàjò kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Bá ẹni wa pàdé pẹ̀lú àpótí méjì lórí, yóò ní búrẹ́dì lòun fẹ́ lọ rà. A ní ọ̀tá là ń sá fún. Ti ọkùnrin yìí kọjá ọ̀tá. Ó mọ̀ pé bí ẹbí bá gbọ́ ìlú òyìnbó, ẹnì kan á fi gàrí rán an sí ọmọ rẹ̀, ẹlòmíràn á ní kó rántí òun bó bá débẹ̀. Ó rò ó, ó sì rí i pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló dínwó jù.

Ọjọ́ Ajé pé. Ó gba Ìdí-Ìrókò. Láti ilé ló ti ń kọ́ èdè Faransé, ó ń yí ẹnu bí ẹni tí iṣu gbígbóná há sí lẹ́nu. Ó dé òdìkejì, ó tẹrí ba fún ọkùnrin aṣọ́bodè tó wà níbẹ̀, ó ní, “Bọ́njúù, mùsíọ̀.”

Ọkùnrin náà wò ó. “Ẹ kú ọ̀nà o. Ará Ìbàdàn ni yín, àbí? Ìyàwó mi, ará Mọ́níyà ni.”

Ojú tì í, ó sì kọjá.

Ètò rẹ̀ kò ju pé kó wọ agbolé, kó gbé mọ́tò sábẹ́ igi, kó dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀, kó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó yà wọ agbolé, ó rí i pé wọ́n ti ta tapólì. Wọ́n ti gbá ilẹ̀ títí dé òpópónà. Àwọn àgbààgbà tó wá láti Sákétè ti tò sórí àga, òbúkọ kan sì wà lórí iná. Ọmọ àbúrò ń bọ̀ wá kí wọn! Ta ni kò ní gbọ́? Ìyá àgbà jáde, ó gbá a mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní oríkì bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni kò ti rí ẹni tí yóò kì í fún. Ó kì í títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ọkùnrin náà wo aago ọwọ́ rẹ̀ gba orí èjìká ìyá àgbà.

“Màmá, mo ní ibì kan tí mo fẹ́ dé ní Kútọnu.”

“Kútọnu ò sá lọ. Ta ló ń dúró dè ọ́ níbẹ̀?”

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kó sọ. Ó ní, “Kò sí ẹnì kankan.”

“Ẹ gbọ́ o! Kò sí ẹnì kankan. Ẹ bu ọtí fún un. Ẹran ò tíì rọ̀.”

Bó ṣe jókòó nìyẹn. Àgbà kan ń ròyìn ìjà tí bàbá rẹ̀ jà nígbà èwe, ọkùnrin yìí ń rẹ́rìn-ín, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Oòrùn kúrò lórí igi, ó bọ́ sórí mọ́tò. Ẹran dé. Ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń gbé òkúta mì. Fóònù dún, kò gbé e. Ó tún dún.

Ìyá àgbà ní, “Gbé e, ṣé gbèsè lo jẹ ẹ́ ni?”

Ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọbẹ̀. Ọmọbìnrin kan bá a tẹ̀ ẹ́, ohùn ìyàwó rẹ̀ sì jáde sí gbangba: “Ṣé ẹ ti wọ bàálù báyìí?”



“Bàálù wo?” Ìyá àgbà ló sọ̀rọ̀.

Ó wá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, egungun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà wo ojú rẹ̀, ó wo mọ́tò tó wà lábẹ́ igi, ó tún wo ojú rẹ̀.

“Mọ́tò lo wá gbé sílẹ̀.”

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ tòun ti egungun.

“Ìwọ ọmọ yìí. Ká ní o sọ ọ́ ni, orí ìdúró la ò bá ti kí ọ. Mi ò bá ti di ẹran sínú ewé fún ọ, n bá sì ti sìn ọ́ dé ẹnu ọ̀nà bàálù. Ṣé ìwọ rò pé n kò mọ ohun tí à ń pè ní ọmọ ni?” Ó yíjú sí àwọn yòókù, ó ké: “Ẹ gbé e o! Ẹ má jẹ́ kó fọ ọwọ́!”

Wọ́n gbé e sẹ́yìn alùpùpù kan pẹ̀lú àpò rẹ̀. Wọ́n sáré bí ẹni tí iná ń lé. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń gba èrò wọlé, obìnrin tó wà níbẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀ tí ọbẹ̀ ti gbẹ mọ́, ó sì mi orí pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó gbọ́ ariwo bàálù lórí òkun. Ó dúró títí ariwo náà fi tán.

Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú kò ní àtúnṣe. Bó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Ó padà sí Àjàṣẹ́, nítorí kò ní ibòmíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó mìíràn kiri lórí fóònù. Ó ń wá a lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ náà mú ọ̀nà pọ̀n.

Ọ̀sán ni. Ìyàwó rẹ̀ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkùnrin náà ń gbọ́ ọ. Ó gbọ́ tó ké pé, “Yéè, ìyá mi o!” Ó gbọ́ tí òyìnbó kan béèrè pé kí ló wí. Ló bá fò dìde láàárín agbolé, ó ń pariwo mọ́ fóònù: “Ìyá rẹ̀ ló ń pè! Ìyá rẹ̀ ni!” Kò sí ẹni tó fetí sí fóònù lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó náà. Àwọn adìyẹ agbolé nìkan ló sá fún un.

Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn Yorùbá tó wà ní ìlú náà kó ara wọn jọ. Àgbà tó gbé ọmọ náà lọ́wọ́ kò mọ bàbá rẹ̀ rí. Ọwọ́ àlejò ló fi oyin kàn án lẹ́nu. Ọkùnrin wa ń wò ó lórí fóònù láti Àjàṣẹ́, àwòrán ń dúró, ó ń lọ. Orúkọ ńlá kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ti ń rò láti ọdún pípẹ́.

Àgbà náà béèrè pé, “Nígbà tí a bí i, ǹjẹ́ bàbá rẹ̀ wà nítòsí?”

Ìyàwó ní, “Kò sí nítòsí.”

“Ọmọ ti mú orúkọ tirẹ̀ wá nìyẹn. Abídèmí ni. Ẹ bi bàbá rẹ̀ bóyá ó ní èkejì.”

Èyí ni àkàwé náà. Ìwọ ni mo sì ń bá wí, ìwọ tó o ti ń fi ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín láti ìṣẹ́jú tó kọjá. Ìyá rẹ wà ní Ṣakí. O ní o máa lọ kí i bí owó epo bá wálẹ̀. Bí o bá sì rí ọkọ̀ ọ̀fẹ́ dé ibẹ̀, o kò ní sọ fún un pé ò ń bọ̀, kó má baà ní kí o mú oògùn dání. Ohun tí o bá dín kù lójú ọ̀nà ẹni tó ń retí rẹ, ara ẹni náà lo ti dín in, kì í ṣe ara onímọ́tò. Sanwó náà pé. Sọ ibi tí ò ń lọ síta, kí wọ́n lè bá ọ sáré. Ìyá rẹ kò ní bi ọ́ pé èló lo wọkọ̀ wá. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀ láti béèrè ohunkóhun, ohun tí yóò bi ọ́ ni pé kí ló dá ọ dúró.